Ẹ Má Gé Bẹ́líìtì Yẹn: Bí Báàgì Ẹ̀yìn Ṣe Ń Bá Ìwọ̀n Ẹ̀yìn Ẹni Mu

Tí ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta báàgì òkìríkà ní Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́, ẹ ó rí irú báàgì ńlá kan tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Ó gùn, okùn pọ̀ lára rẹ̀, bẹ́líìtì kan tó nípọn sì wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ ó tún rí ohun kan bí àkàsọ̀ tí wọ́n rán mọ́ ọn láàárín. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe tí wọ́n bá rà á tán ni pé wọ́n á gbé e lọ bá aránbàtà, wọ́n á ní kó bá àwọn gé bẹ́líìtì yẹn kúrò, pé ó ń dí àwọn lọ́wọ́. Báàgì rírán ni iṣẹ́ mi, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí báàgì tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí, torí ohun tí wọ́n gé sọnù yẹn gan-an ló yẹ kó gbé ẹrù náà.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ èèyàn lójú ni pé gbogbo wa la ti mọ̀ pé ọwọ́ báàgì, ìyẹn okùn méjì tá a fi ń gbé e kọ́ èjìká, ṣe é fà gùn, ó sì ṣe é dín kù. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní báàgì kan ṣe é tò sí ìwọ̀n ẹ̀yìn ẹni tó gbé e, ọwọ́ báàgì ni ọkàn èèyàn máa ń lọ sí. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Tí ẹ bá fa ọwọ́ báàgì gùn, ńṣe ni gbogbo báàgì náà máa sọ̀ kalẹ̀, tí á sì jìnnà sí ẹ̀yìn yín. Tí ẹ bá dín in kù, gbogbo rẹ̀ náà ló máa gòkè. Àmọ́ àlàfo tó wà láàárín ibi tí wọ́n ti so ọwọ́ náà mọ́ báàgì lókè àti ibi tí bẹ́líìtì wà nísàlẹ̀ kò yí padà rárá. Àlàfo yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yìn ẹnì kan kúrú, tẹlòmíì gùn. Bí àlàfo náà kò bá sì bá ẹ̀yìn ẹni tó gbé báàgì mu, kò sí bá a ṣe lè fa ọwọ́ báàgì tó tí yóò tún un ṣe. Báàgì tó ń bá ẹ̀yìn mu ni èyí tí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti so mọ́ ọn ṣe é sún sókè, tó sì ṣe é sún sísàlẹ̀.

Kí ló dé tí àlàfo náà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń pọn ọmọ. Kò sí ìyá tó ń gbé ọmọ kọ́ èjìká. Á bẹ̀rẹ̀, á gbé ọmọ sẹ́yìn, á rí i dájú pé ìdí ọmọ jókòó dáadáa sórí ìbàdí òun, kó tó wá fi ìró dè é, kó sì fi ọ̀já gbà á nídìí. Ìbàdí ló gbé ọmọ. Aṣọ tó gba òkè kọjá kàn ń jẹ́ kí ọmọ má ṣubú sẹ́yìn ni. Bí báàgì tó dáa ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Egungun ìbàdí lágbára, orí ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì jókòó sí, torí náà ẹrù tó bá wà lórí rẹ̀ ń gba ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀ tààrà. Èjìká kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níwájú rẹ̀, ẹran ara tó gba ibẹ̀ lọ sí ọrùn tètè máa ń rẹ̀, iṣan tó ń lọ sí apá àti iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ń gba abẹ́ egungun náà kọjá. Ìdí nìyẹn tí ìka fi máa ń ta ṣìnṣìn, tí ọwọ́ sì máa ń kú, tí èèyàn bá gbé ẹrù tó wúwo kọ́ èjìká rin ọ̀nà jíjìn.

Ohun tí à ń wá nìyí: kí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù wà lórí ìbàdí, kí èjìká kàn máa di báàgì mọ́ra. Tí àlàfo báàgì bá kúrú ju ẹ̀yìn yín lọ, ọwọ́ báàgì á fa bẹ́líìtì sókè kúrò lórí egungun ìbàdí, á máa fún ikùn yín, gbogbo ẹrù á sì padà sí èjìká. Tó bá gùn ju ẹ̀yìn yín lọ, bẹ́líìtì lè jókòó dáadáa o, ṣùgbọ́n ọwọ́ báàgì á gbé sókè kúrò lórí èjìká, afẹ́fẹ́ á máa gba àárín kọjá, báàgì á sì máa fà yín sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà á wá máa tẹ̀ síwájú láti fi dọ́gba. Ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba gééètì FUTA wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú laptop àti ìwé lẹ́yìn. Ẹ ó rí i bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe na ọrùn síwájú.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀yìn kò le, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ mú téèpù tí àwọn télọ̀ ń lò, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tí yóò bá yín wọ̀n ọ́n, torí èèyàn kì í dá wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹ tẹ orí ba. Ẹ fi ìka wá ẹ̀yìn ọrùn yín. Egungun kan á yọ gọngọ níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká. Òun ni egungun keje, tó kẹ́yìn, nínú àwọn egungun ọrùn. C7 ni àwọn dókítà ń pè é. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, kí àtàńpàkò kọjú sẹ́yìn, kí ìka mẹ́rin yòókù wà níwájú. Ẹ tẹ ọwọ́ wọlé díẹ̀ títí tẹ́ ẹ ó fi kan orí egungun ìbàdí. Kí ẹni tó ń wọ̀n yín wo ìlà tó lọ láti àtàńpàkò ọ̀tún sí ti òsì. Ibi tí ìlà yẹn ti ré ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá ni òpin. Kí téèpù tẹ̀ lé bí ẹ̀yìn ṣe tẹ̀, kó má ṣe nà án gbọnran lókè.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ibi tí àwọn ń de ṣòkòtò mọ́ ni ìbàdí wà. Ṣòkòtò òde òní máa ń jókòó nísàlẹ̀ egungun náà, pàápàá tàwọn ọ̀dọ́, tẹ́ ẹ bá sì wọ̀n ọ́n débẹ̀, ẹ lè fi ínṣì méjì kún ẹ̀yìn tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi wá egungun, ẹ má ṣe gba aṣọ gbọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń wà láàárín ínṣì 15 sí 22, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 38 sí 56.

Ẹ má sì fi gíga ẹni pinnu. Èèyàn méjì lè ga dọ́gba lórí ìdúró, kí wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, kí orí ọ̀kan ga ju ti èkejì lọ dáadáa. Ẹsẹ̀ ló gùn fún ẹnì kan, ẹ̀yìn ló gùn fún ẹnì kejì. Obìnrin tó ga lè ní ẹ̀yìn tó kúrú ju ti ọkùnrin tí kò tó o ga. Báàgì tí wọ́n kọ «ńlá» tàbí «kékeré» sí lára kò tíì sọ nǹkan kan fún yín títí tẹ́ ẹ ó fi wọn ẹ̀yìn yín.

Ọgbọ́n yìí kò dédé wáyé lọ́jọ́ kan. Lọ́dún 1950, ọmọ ọdún 14 kan ní Sweden, Åke Nordin, fi igi ṣe férémù, ìyẹn egungun líle tó ń na báàgì ró, fún báàgì ara rẹ̀ kí ẹrù má baà máa fà á sẹ́yìn. Òun náà ló dá ilé iṣẹ́ Fjällräven sílẹ̀ ní 1960. Ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Dick Kelty bẹ̀rẹ̀ sí í ta báàgì tó ní férémù alumíníọ́mù ní 1952, ó sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí bẹ́líìtì ìbàdí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ìta ni férémù tirẹ̀ wà. Ní 1967, Greg Lowe, ará Amẹ́ríkà tó máa ń gun òkè, gbé férémù wọ inú báàgì. Férémù tó bá ti wọ inú lè sún mọ́ ẹ̀yìn dáadáa, ó sì rọrùn láti mú kí ọwọ́ báàgì máa rìn lórí rẹ̀.

Ó wá ku bá a ṣe máa ṣe é. Bẹ́líìtì ni mo máa kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, torí orí rẹ̀ ni ẹrù máa jókòó sí, mi ò sì fẹ́ kí ibi tí ẹrù pọ̀ sí jù jẹ́ ibi tó ń mì. Abala èjìká, ìyẹn ibi tí ọwọ́ báàgì méjèèjì ti pàdé lẹ́yìn, ni yóò máa rìn. Ká ní a fẹ́ kí báàgì kan bá ẹ̀yìn ínṣì 15 títí dé 20 mu: abala náà gbọ́dọ̀ lè rin ínṣì márùn-ún. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, báàgì mìíràn tó tóbi jù ú lọ ni kí wọ́n ṣe fún un. Bí a bá fẹ́ kí báàgì kan ṣoṣo bá gbogbo ayé mu, kò ní bá ẹnikẹ́ni mu dáadáa.

Ohun tí yóò di abala náà mú lẹ́yìn tí a bá ti sún un síbi tó yẹ ni iṣẹ́ tó gba ìrònú jù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni velcro, aṣọ ìhà méjì tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn tó sì máa ń dún tá a bá ń ya á, èyí tí George de Mestral, ará Switzerland, ṣe. Ó dára ní ti pé ibi tó bá wuni la lè dá a dúró sí, ìdajì ínṣì pàápàá. Ọ̀nà kejì ni irin tàbí ike tó gùn tí abala èjìká ń yọ̀ lórí rẹ̀, pẹ̀lú ike kékeré kan tá a máa tẹ̀ kó tó lè rìn. Ẹ̀kẹta ni àkàsọ̀: okùn fífẹ̀ tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn báàgì ní ìpele ìpele, tí ike abala èjìká á máa gba abẹ́ wọn kọjá.

Àkàsọ̀ ni mo fara mọ́ fún ìlú tiwa, mo sì lérò pé ẹni tó bá ti gbé báàgì ní Àkúrẹ́ nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò á mọ̀dí rẹ̀. Velcro kì í fẹ́ eruku. Eruku, irun aṣọ àti ẹrẹ̀ máa ń kún inú rẹ̀ títí tí kò fi ní lè di nǹkan mú mọ́, á wá máa yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó gbé e mọ̀. Ti irin tó ń yọ̀ lẹ́wà lójú, ó sì rọrùn fún àwọn tó ń yá ara wọn ní báàgì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ike kékeré yẹn bá ṣẹ́, níbo la ti fẹ́ rí òmíràn rà? Àkàsọ̀ ní tirẹ̀, bí ìpele kan bá já, aránbàtà èyíkéyìí tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ tó lágbára lè tún un rán. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí àárín: tí ìpele kan bá fi ínṣì kan jìnnà sí èkejì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 17 àti ààbọ̀ ní láti mú 17 tàbí 18. Ààbọ̀ ínṣì kò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ báàgì díẹ̀, á bo ìyẹn. Fún ínṣì márùn-ún, ìpele mẹ́fà ló máa wà. Òwú náílọ́ọ̀nù tàbí pọ́líẹ́sítà tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán aṣọ, kí ẹ̀rọ sì lọ kó bọ̀ lójú kan náà lọ́pọ̀ ìgbà ní etí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣe báàgì fúnra wọn sábà máa ń gbàgbé, ìyẹn okùn orí èjìká. Ẹ ti rí i rí: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó lọ láti orí ọwọ́ báàgì lọ sí òkè férémù lẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa orí báàgì mọ́ ara kó má baà máa ṣubú sẹ́yìn. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá dagun sókè ní nǹkan bíi dígírì 45. Tó bá tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, á kàn máa fún èjìká ni. Tó bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà ró ṣánṣán, agbára tó fi ń fa báàgì mọ́ ara kò ní tó nǹkan. Ẹ wá wo ìṣirò tó wà níbẹ̀. Ká ní a so ó mọ́ férémù ní ínṣì 23 sókè bẹ́líìtì, tí ibi tó ti so mọ́ ọwọ́ báàgì sì fi ínṣì mẹ́ta wà níwájú férémù. Fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 20, okùn náà gòkè ní ínṣì mẹ́ta, ó lọ síwájú ní mẹ́ta: dígírì 45 nìyẹn gẹ́lẹ́. Fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 15, ó gòkè ní ínṣì mẹ́jọ, ó sì lọ síwájú ní mẹ́ta péré, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 70. Báàgì kan náà, okùn kan náà, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ fún ẹnì kejì. Torí náà, bí abala èjìká bá máa rìn, ẹ ṣe ojú ìso méjì sí òkè férémù, ọ̀kan fún ẹ̀yìn gígùn, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹ̀yìn kúkurú. Iṣẹ́ kékeré ni, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀.

Láìsí férémù, asán ni gbogbo èyí. Àpò tó rọ̀ á kàn wó lé ara rẹ̀, bẹ́líìtì kò sì ní rí ẹrù gbé. Ike tó le ni wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn báàgì, HDPE ni wọ́n ń pè é, irú ike kan náà tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ńlá tá a fi ń pọn omi. Mo gbà pé ẹni tó kàn fẹ́ dán an wò lè gé e lára kẹ́ẹ̀gì tó ti fọ́, kó fọ̀ ọ́ mọ́, kó gbo etí rẹ̀ kó má baà ya aṣọ. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé máa ń ní àjẹkù alumíníọ́mù pẹlẹbẹ. Méjì nínú rẹ̀, tí a tẹ̀ kó bá bí ẹ̀yìn ṣe tẹ̀ mu, la máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì, kí ìsàlẹ̀ wọn dé orí bẹ́líìtì. Kí wọ́n má ṣe wà lójú ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, torí wọ́n á máa gún un. Fóòmù á sì wà láàárín wọn àti ara.

Kẹ́ ẹ tó gé aṣọ tó wọ́n, ẹ fi páálí àti bẹ́líìtì àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ, kẹ́ ẹ sì fi píọ̀ wọ́tà wọn ẹrù. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tó jẹ́ ìdajì lítà wúwo tó ìdajì kílò, àpò kan tó ní ogún sì jẹ́ kílò mẹ́wàá, nítorí náà ẹ lè máa fi kún un lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn yín gan-an. Ẹ máa to wọn sún mọ́ ẹ̀yìn, kì í ṣe síta. Kí àwọn tí ẹ̀yìn wọn yàtọ̀ síra gbé e wò, kí wọ́n sì fi gun òkè, kì í ṣe àárín ilé nìkan. Òkè Ìdànrè wà nítòsí, àkàsọ̀ tó lé ní 600 ló wà níbẹ̀. Ibi tí báàgì bá ti ń ha ni lára á fara hàn kẹ́ ẹ tó dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ̀ ọ́, ẹ tú gbogbo okùn sílẹ̀ ná. Bẹ́líìtì ni ẹ kọ́kọ́ dì, kí àárín rẹ̀ wà lórí egungun ìbàdí. Ẹ fa ọwọ́ báàgì kó fara mọ́ èjìká, ẹ má fún un. Lẹ́yìn náà ni okùn orí èjìká, okùn àyà ló sì kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ báàgì, ẹ ti gbé ẹrù lé èjìká tán, bẹ́líìtì kò sì ní rí nǹkan kan ṣe mọ́.

Àwọn ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lójú tèmi. A máa ń ra báàgì ilé ìwé tó tóbi ju ọmọ lọ, pé á dàgbà bá a, báàgì á sì máa gbá ìdí ọmọ títí á fi parí kíláàsì mẹ́ta. Báàgì tó ní àkàsọ̀ láti ínṣì 11 sí 15 á yanjú ohun tí à ń sá fún yìí: bí ẹ̀yìn ọmọ bá ṣe ń gùn, ẹ gbé abala èjìká sókè ní ìpele kan. Kí òbí wọn ẹ̀yìn ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú méjì péré ló máa gbà. Ṣùgbọ́n kò sí báàgì tó lè sọ ẹrù tó pọ̀ jù di fífúyẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti sọ rí pé kí báàgì ọmọ má ṣe ju ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ọmọ náà lọ. Ọmọ tó bá wọn kílò 25, kílò méjì ààbọ̀ sí márùn-ún ni tirẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹja yìnyín ní òṣùwọ̀n. Ẹ bẹ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ gbé báàgì ọmọ yín lé e láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ pọ̀ jù.